Abdulafeez Onítáìsì Sọnù ní Istanbul

Láti Thomas Estate títí dé Abraham Adésànyà, bí ẹ bá béèrè ẹni tó mọ táìsì í tẹ́ jù, orúkọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni wọn yóò dá fún yín, Abdulafeez ọmọ Ìwó yóò sì wà nínú wọn. Bó bá jẹ́ Abdulafeez fúnra rẹ̀ lẹ bi, orúkọ kan ṣoṣo ni yóò dá.

Ó ti tó ogún ọdún tó ti ń gbé ní Ajah. Nígbà tó dé, ráńdábáòtù ṣì pọ̀ lójú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, àbàtà àti ewéko ló sì wà níbi tí ilé alájà mẹ́ta dúró sí lónìí. Ọ̀dọ̀ ọkùnrin ará Kútọnu kan ló ti kọ́ṣẹ́, nítorí láyé ìgbà náà, àwọn ará Kútọnu ló mú iṣẹ́ táìsì mọ́wọ́ jù ní Èkó. Ọ̀gá yìí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí Abdulafeez bá tẹ́ táìsì tán, ọ̀gá á lóṣòó, á fi eegun ìka gbá a, kó, kó, kó, á sì dẹtí. Bó bá dún kíki, iṣẹ́ dára. Bó bá dún bí ìkòkò òfìfo, sìmẹ́ńtì ò kúnlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ nìyẹn, kí wọ́n hú u kí wọ́n tún un tẹ́.

Abdulafeez gba fìríìdóòmù, ọ̀gá padà sí Kútọnu, ṣùgbọ́n gbígbá táìsì kò kúrò lára ọmọ Ìwó mọ́. Ibi gbogbo ló ti ń gbá a. Ó ń gbá a ní báńkì, ó ń gbá a ní ọsibítù. Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ tọrọ Rùkáyátù ìyàwó rẹ̀, gbogbo ẹbí ọkọ dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n dìde, wọ́n dìde, Abdulafeez ṣì wà nílẹ̀. Inú bàbá ìyàwó dùn, wọ́n ní ẹ wo ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́. Wọn ò mọ̀ pé táìsì kan ló rí nísàlẹ̀ imú rẹ̀ tí etí rẹ̀ gbé sókè díẹ̀, tó ń fi ìka gbá a jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lábẹ́ àyà.

Rùkáyátù sọ̀rọ̀ náà títí ó fi sú u.

"Bàbá Hameedat, ilẹ̀ onílẹ̀ ni."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n òfìfo ni."

Ohun kejì tó fi ń yangàn ni pé òun kì í sọnù. Ó ní àwọn tó ń sọnù ni àwọn tó ń wòkè, tí wọ́n ń wo pátákó àti orúkọ àdúgbò. Òun, ilẹ̀ lòun ń wò. Ilé tí òun bá ti tẹ ilẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bí wọ́n di òun lójú wá síbẹ̀ lọ́dún mẹ́wàá òní, òun á mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó ti di í lójú wò, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè já a nírọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn tó máa ń gbé iṣẹ́ fún un ni Madam Ọlákẹ́mi. Ọmọ onílẹ̀ ni obìnrin yìí, ní Ajah gan-an ni wọ́n bí i sí. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ta ilẹ̀, àwọn kan nínú wọn ń gba owó ilé, òun ní tirẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù táìsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ńlá. Ní ọdún tí wọ́n ń hú àwọn ráńdábáòtù tí wọ́n ń fi iná adarí-ọkọ̀ rọ́pò wọn, ó kó ẹrù kan dé láti orílẹ̀-èdè Tọ́kì. Ojú lásán, ẹrù náà dára. Abdulafeez ló gbé méjì lérí ara wọn, tó fi ìka tọ́ etí wọn, tó ní, "Madam, àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà." Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Ọ̀kan fi bí ìdajì èékánná tóbi ju èkejì lọ.

Ó dun Madam Ọlákẹ́mi dé egungun. Ó ní ìgbà mìíràn tí òun bá ń lọ, Abdulafeez yóò tẹ̀ lé òun lọ bá òun fojú wò ó níbi tí wọ́n ti ń ṣe é. Abdulafeez rò pé ọ̀rọ̀ inú bíbí ni. Kò pé oṣù mẹ́rin, ó di onípáásípọ́ọ̀tù.

Ní àdúgbò, nǹkan dàrú díẹ̀. Nígbà tó sọ fún àwọn aládùúgbò pé Tọ́kì lòun ń lọ, ó kéré tán, àwọn mẹ́ta ló bi í bóyá á rí èyí tó ní itan ńlá mú bọ̀. Rùkáyátù ló ń ṣàlàyé lẹ́yìn rẹ̀ láti ojúlé dé ojúlé pé kì í ṣe tọ́kì tí à ń dín, ìlú àwọn òyìnbó kan ni.

Lọ́jọ́ ìrìnàjò, Rùkáyátù di gàrí àti ata gígún sínú ẹrù rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ di báàgì ọwọ́. Ó kó lẹ́fùlù rẹ̀ sí i, ìyẹn ọ̀pá ìwọ̀n tó ní omi àwọ̀ ewé nínú, tí onítáìsì fi ń mọ̀ bóyá ilẹ̀ tẹ́jú. Ó tún kó òòlù onírọ́bà sí i. Ní pápákọ̀ òfurufú, obìnrin tó ń yẹ ẹrù wò fa òòlù náà yọ, ó gbé e sókè.

"Ọ̀gá, òòlù lẹ fẹ́ gbé wọ bàálù?"

"Rọ́bà ni, Àǹtí."

"Kí lẹ fẹ́ fi gbá?"

"Táìsì ni."

"Ṣé táìsì wà nínú bàálù?"

Abdulafeez ro ìbéèrè náà dáadáa. "Mi ò tíì wọ̀ ọ́ rí," ló wí.

Òòlù dúró sí Èkó. Wọ́n fi lẹ́fùlù sílẹ̀ fún un lẹ́yìn tí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò lọ́nà mẹ́ta. Nígbà tí bàálù gbéra tán, tí wọ́n ní kí oníkálùkù tú bẹ́líìtì, ó yọ ọ́, ó gbé e lé tábìlì kékeré iwájú rẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọn, ó sì fi igbọ́nwọ́ ta Madam Ọlákẹ́mi.

"Madam, ó tẹ̀ sí apá òsì."

Madam Ọlákẹ́mi fa ìborùn bo ojú. Títí wọ́n fi dé ibẹ̀, ó ń ṣe bí ẹni pé àwọn méjèèjì ò jọ wá.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n wọ Istanbul. Nígbà tí táásì já wọn sílẹ̀, ohun tí Abdulafeez rí lókè ẹnu ọ̀nà ni lẹ́tà pupa mẹ́rin gàdàgbà: OTEL. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ẹni tó kọ èyí, tó gbé "h" jẹ báyìí, ilé bàbá rẹ̀ ò lè jìnnà sí Ìbàdàn. Ó wá fi í sọ́kàn pé Otel ni orúkọ ilé tí àwọn dé sí. Kí ó sì má bàa gbàgbé pátápátá, bó ti ń wọlé, ó fi gìgísẹ̀ gbá táìsì ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀kẹta láti ẹnu ilẹ̀kùn dún òfìfo. Ó sọ fún Madam. Madam ní kó jẹ́ kí àwọn sùn.

Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó lè fẹ̀sùn kan ọmọ Ìwó. Ní ilé iṣẹ́ táìsì tí wọ́n lọ, ó wo ẹrù bí ẹní ń wo ọmọ ìkókó. Ó gbé e lérí ara wọn, ó gbá a, ó gbé lẹ́fùlù lé e, ó ya àwọn kan sọ́tọ̀, ó ní ká má kó èyí. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà kọ́kọ́ ń dún hùn-ún hùn-ún, nígbà tó yá, ó pe àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wá wò ó. Ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu Madam Ọlákẹ́mi. Ọjọ́ kẹta wá bọ́ sí Jímọ̀. Ẹsẹ̀ ń dun Madam, ó ní òun fẹ́ sinmi. Abdulafeez ní òun á lọ kírun ní mọ́sálásí ńlá tí wọ́n rí lánàá, kò jìnnà.

"Mú káàdì òtẹ́ẹ̀lì yìí dání," Madam wí.

"Èmi kẹ̀, Ma?"

"Fóònù rẹ ńkọ́?"

"Ó wà lójú iná, Ma. Mi ò ní í pẹ́."

Ó kírun tán, àwọn èèyàn tú ká, òun dúró. Ara ògiri mọ́sálásí náà, táìsì ni, aláwọ̀ búlúù, pẹ̀lú òdòdó pupa wẹ́wẹ́ tó ń ta lé ara wọn. Wọ́n ti sọ fún un pé ó ti lé ní irinwó ọdún tí wọ́n ti tẹ́ ẹ. Ó wò ó títí ọrùn fi ń ro ó. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó sún mọ́ ọn. Kó, kó, kó. Ó dún kíki. Ó gbá èkejì, ó dún kíki. Ó dé ẹ̀karùn-ún, omi ti ń lé ròrò lójú rẹ̀, ó ń bi ara rẹ̀ pé irú sìmẹ́ńtì wo ni àwọn baba wọ̀nyí lò, ìgbà náà ni ọwọ́ kan bà á léjìká.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣọ́ mọ́sálásí ni. Ó ń mi ìka, ó ń sọ èdè wọn. Abdulafeez ò gbọ́ kankan. Ó ronú pé mọ́sálásí lèyí, Mùsùlùmí ni ọkùnrin yìí, òun náà sì lọ ilé kéwú fọ́dún mẹ́fà ní Ìwó. Ó gbọ̀n aṣọ rẹ̀ nù.

"Asalaamu alaekun," ló wí.

Ọkùnrin náà sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó dá a lóhùn.

"Alihamudulilaahi," ni Abdulafeez tún wí, ó sì nawọ́ sí ògiri.

"Alihamudulilaahi," ni ọkùnrin náà wí. Ara rẹ̀ ò balẹ̀ mọ́. Ó hàn pé ó rò pé àlùfáà ńlá kan láti ọ̀nà jíjìn ló dé yìí, tó ń bá òun sọ Lárúbáwá, èdè tí òun náà ò gbọ́ kọjá ohun tí à ń kà nínú ìrun.

Abdulafeez wá èyí tó kàn nínú ọpọlọ rẹ̀, ó rí i. "Innalaaha maa-sọ́ọ̀bírínà."

Ọkùnrin náà tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ó ní, "Àmín."

Àwọn méjì tó ń kọjá lọ dúró, àwọn náà ṣàmín. Ọ̀rọ̀ náà ìbá gùn, ṣùgbọ́n Lárúbáwá tán lọ́wọ́ tọ̀tún tòsì. Ọkùnrin náà fi ọ̀wọ̀ di Abdulafeez lápá mú, ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó sì mú bàtà rẹ̀ wá fún un. Ọlá yìí ló kó bá a. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ló gbà sìn ín jáde, iwájú sì ni Abdulafeez gbà wọlé.

Kò fura. Ó ń rìn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń wo ilẹ̀. Kò tíì rìn tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó gbójú sókè tó rí OTEL. Ó ní òun wí bẹ́ẹ̀. Ó wọlé, ó gun àtẹ̀gùn dé òkè kejì, ó fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí yàrá kejìlá. Kọ́kọ́rọ́ kọ̀. Ó tún un fi sí i. Ilẹ̀kùn ṣí láti inú, bàbá arúgbó kan yọ jáde pẹ̀lú táwẹ̀lì nídìí àti ọṣẹ lórí. Àwọn méjèèjì wo ara wọn.

"Ẹ má bínú, sà," ni Abdulafeez wí ní Yorùbá, ó sì dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. Bàbá náà ti ilẹ̀kùn, ó sì tì í lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tó jáde, ó gbójú sókè dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tó ti dé ìlú náà. OTEL wà lókè orí rẹ̀. OTEL wà ní òdìkejì títì. Níwájú díẹ̀, OTEL méjì fara kanra. Ó wá yé e pé kì í ṣe orúkọ ilé. Bí wọ́n ṣe ń kọ òtẹ́ẹ̀lì nìyẹn nílùú wọn.

Ẹni tó mọ ilẹ̀ ò gbọdọ̀ páyà. Ó rántí táìsì kẹta láti ẹnu ilẹ̀kùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé, ó ń fi gìgísẹ̀ gbá ẹnu ọ̀nà wọn, ó ń dẹtí. Ní ilé àkọ́kọ́, ẹ̀kẹta dún òfìfo, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó yọjú wọlé, kì í ṣe ibẹ̀. Ní ilé kejì, ó dún òfìfo. Ní ilé kẹrin, táìsì kẹta dún òfìfo, ẹ̀karùn-ún náà sì ń bá a gbè. Obìnrin kan nídìí tábìlì ìgbàlejò wo ọkùnrin dúdú tó ń jó ijó ẹlẹ́sẹ̀ kan sẹ́nu ọ̀nà òun, ó bọ́ síta, ó fún un ní súwíìtì. Abdulafeez dúpẹ́. Inú rẹ̀ bàjẹ́ sí ìlú náà. Àwọn baba wọn tẹ́ ògiri tí kò mì fún irinwó ọdún, àwọn ọmọ ò lè tẹ́ ẹnu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì. Ó gbà pé oníṣẹ́ jákujàku ò ní orílẹ̀-èdè kan pàtó.

Nígbà tó dé ilé kọkànlá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ó jókòó sórí òkúta kan níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe fèrèsé alumíníọ̀mù. Ó gbé ọwọ́ lérí. Ó sọ ọ́ jáde lẹ́nu, ohun tí kò sọ rí láyé rẹ̀.

"Abdulafeez, o ti sọnù."

"Ọ̀gá mi," ni ohùn kan wí lẹ́yìn rẹ̀, "kí ló ṣẹlẹ̀?"

Yorùbá ni. Yorùbá tó dà bí ẹni fi iṣu gbígbóná sẹ́nu, ṣùgbọ́n Yorùbá ni. Abdulafeez wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ń wá ọmọ ìlú rẹ̀. Ẹni tó rí ni òyìnbó Tọ́kì kan tó ní mùsítáàṣì, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ife tíì kékeré lọ́wọ́.

"Ẹ̀yin lẹ sọ̀rọ̀?"

"Èmi ni. Díẹ̀díẹ̀ ni mo gbọ́. I stay Lagos four years." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka. "Jakande. Ìkátẹ̀. Àgùngì. Chevron. Ajah. Wàhálà."

Abdulafeez dìde, ó dì mọ́ ọn. Tíì dà sí àwọn méjèèjì lára, kò sẹ́ni tó bìkítà. Selim lorúkọ ọkùnrin náà, Abdulafeez sọ ọ́ di Sàlímù lójú ẹsẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń pè é ní Ìwó. Iṣẹ́ fèrèsé ló bá lọ sí Èkó, ó bá wọn fi fèrèsé sí ilé púpọ̀ ní Lẹ́kí, kí ó tó padà wá ṣí ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọ́n gbé tíì mìíràn wá. Wọ́n sọ̀rọ̀ títì, wọ́n sọ̀rọ̀ omi òjò, wọ́n sọ̀rọ̀ ata. Sàlímù ní gbogbo Èkó ni òun fẹ́ràn. Ohun kan ṣoṣo ló kù díẹ̀ káàtó.

"Kí ni?"

"Balùwẹ̀."

Ó ní ilé tí òun gbé ní Oniru, òkè kejì, ilé dára, onílé dára. Ṣùgbọ́n bí òun bá ti wẹ̀, omi kì í lọ. "Omi á jókòó. Ihò wà níbí, omi á lọ jókòó síbí." Ó dìde láti fi hàn bí òun ṣe máa ń fi ìgbálẹ̀ onírọ́bà da omi náà láàárọ̀ kùtù, ojoojúmọ́, fún ọdún méjì. "I dey pursue am like màlúù."

Inú bí Abdulafeez gidigidi. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ dé. Ó gbé ife kalẹ̀.

"Ilẹ̀ ò dagẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó tẹ́ ẹ ò kọ́ṣẹ́. Bó bá kọ́ṣẹ́, kò parí rẹ̀. Bó bá parí rẹ̀, a jẹ́ pé ó sá fún ọ̀gá. Sàlímù, irú wọn ló ń bà wá lórúkọ jẹ́. Ibo ni ilé náà wà ní Oniru?"

Sàlímù ṣàpèjúwe rẹ̀. Ilé onígéètì àwọ̀ ewé, lọ́nà etí òkun. Onílé náà, Alhaji kan, fi òwú so apá kan awò ojú rẹ̀. Abdulafeez mi orí, ó ní ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀. Sàlímù wá rẹ́rìn-ín. Ó ní ara ògiri balùwẹ̀ náà, wọ́n to táìsì ẹlẹ́ja kéékèèké sí ọ̀wọ́ kan. Gbogbo ẹja ń lọ sápá ọ̀tún. Ọ̀kan ṣoṣo dorí kodò.

Abdulafeez tó ti gbé ife dẹ́nu sọ ọ́ kalẹ̀ láìmu.

Ó mọ ẹja náà. Ọjọ́ Sátidé ni. Onílé ní ayálégbé òun kan, òyìnbó, ń kó wọlé lọ́jọ́ Ajé, kó yáa parí. Òun sì ti gba iṣẹ́ mìíràn sí Abraham Adésànyà, wọ́n ń retí òun níbẹ̀ láàárọ̀ Sunday. Ó tẹ́ ilẹ̀ balùwẹ̀ náà láàárín wákàtí díẹ̀. Lẹ́fùlù wà nínú àpò, kò yọ ọ́. Nígbà tó rí i pé ẹja kan dorí kodò, sìmẹ́ńtì ti gbá a mú, ó sì ní ta ni yóò máa wo ẹja.

Sàlímù ń wò ó. "Tíì gbóná?"

Bó bá dákẹ́, kò sí ohun tó lè tú u fó. Òun nìkan ló mọ̀ ní Istanbul, àwọn tó mọ̀ ní Èkó sì ti gbàgbé. Ó wo ife. Ó wo gbogbo ilẹ̀kùn òtẹ́ẹ̀lì tí òun ti fi gìgísẹ̀ dá lẹ́jọ́ láti ọ̀sán.

"Sàlímù," ló wí, "ẹja tó dorí kodò yẹn, èmi ni mo tẹ́ ẹ."

Ó gba Sàlímù ní àsìkò díẹ̀ kó tó yé e. Ó gbé ife rẹ̀ kalẹ̀, ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù lọ. Abdulafeez dìde, kò mọ̀ bóyá kí òun sá. Sàlímù jáde pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti aládùúgbò méjì, ó nawọ́ sí Abdulafeez, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ní èdè wọn. Ó ṣe bí ẹni ń wẹ̀, ó ṣe bí ẹni ń da omi bíi màlúù, ó dorí kodò bí ẹja. Ẹ̀rín pa wọ́n. Ọ̀kan nínú àwọn aládùúgbò lọ sẹ́yìn ilé rẹ̀, ó mú ìgbálẹ̀ onírọ́bà kan wá, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Abdulafeez bí ẹni ń fi oyè dá èèyàn lọ́lá. Abdulafeez gbà á. Kí ni yóò ṣe? Ó rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn ún.

Lẹ́yìn náà ni Sàlímù béèrè orúkọ òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Abdulafeez ní òun ò mọ̀ ọ́n, kọ́kọ́rọ́ yàrá nìkan ló wà lọ́wọ́ òun. Sàlímù gba kọ́kọ́rọ́, ó yí i padà. Orúkọ òtẹ́ẹ̀lì àti àdúgbò wà lẹ́yìn páálí tó so mọ́ ọn, wọ́n kọ ọ́ gàdà. Láti àárọ̀, iwájú tí wọ́n kọ "12" sí nìkan ni Abdulafeez ń wò. Wọ́n yà ní kọ̀rọ̀ kan, wọ́n yà ní èkejì. Kó o tó bó ọsàn kan tán, wọ́n ti dé.

Madam Ọlákẹ́mi dúró sẹ́nu ọ̀nà, fóònù méjì wà lọ́wọ́ rẹ̀, tirẹ̀ àti ti Abdulafeez.

"Abdulafeez."

"Ma."

"Ìwọ tí kì í sọnù."

"Mo yà kí ojúlùmọ̀ kan ni, Ma."

"Ojúlùmọ̀. Ní Istanbul. Pẹ̀lú ìgbálẹ̀."

"Ẹ káalẹ́, Ma," ni Sàlímù wí, ó sì tẹrí ba.

Madam Ọlákẹ́mi gbàgbé ìbínú rẹ̀. Nígbà tí Sàlímù rò ó fún un dé ibi ẹja, ó ní láti di ògiri mú. Àtìgbà náà ló ti di pé bí Abdulafeez bá bẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ ẹlòmíràn nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, Madam á kàn béèrè àlàáfíà ẹja.

Wọ́n padà sí Èkó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, ọ̀rọ̀ náà ò jẹ́ kí Abdulafeez jẹun gbádùn. Lọ́jọ́ Àlàmísì kan, ó ru sìmẹ́ńtì àti irinṣẹ́, ó lọ sí Oniru. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì dá a dúró.

"Ta ló pè yín?"

"Kò sẹ́ni tó pè mí. Balùwẹ̀ òkè kejì ni mo wá tún ṣe."

"Kí ló bà á jẹ́?"

"Èmi ni."

Ọkùnrin náà wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó sì lọ pe ayálégbé. Ìyáàfin Fèyíkẹ́ ló ń gbé ibẹ̀ báyìí, òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́rin, Àbẹ̀bí. Nígbà tó gbọ́ pé ọ̀fẹ́ ni, ojú rẹ̀ le sí i. Ní Èkó, nǹkan ọ̀fẹ́ ló máa ń gbé olè wọlé. Ó pe onílé lórí fóònù. Bàbá yẹn ní, "Ẹ jẹ́ ó ṣe é kíá kó tó yí ọkàn padà."

Ọjọ́ méjì ló lò. Ó hú ilẹ̀ balùwẹ̀ náà pátá, ó gbé lẹ́fùlù lé e lẹ́ẹ̀mẹwàá, ó mú kó dagẹ̀rẹ̀ sí ìhà ihò omi. Ó bi Ìyáàfin Fèyíkẹ́ bóyá kí òun yí ẹja náà padà. Ìyáàfin ní kó fi í sílẹ̀, Àbẹ̀bí máa ń sọ fún un pé ó dàárọ̀ kó tó lọ sùn. Nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, Abdulafeez da omi korobá kan sí i. Omi náà ò jókòó, kò wo ẹ̀yìn, ó gba ọ̀nà ihò lọ. Ó fi fóònù ká a sílẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí Istanbul. Kò pẹ́ tí èsì fi dé: Sàlímù ní òun ti wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ẹ̀gbọ́n òun náà ti wò ó, ó dùn òun pé òun ti kó kúrò.

Ó ń palẹ̀ irinṣẹ́ mọ́ nígbà tí Àbẹ̀bí dé láti ilé ìwé. Ọmọ náà wọ balùwẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi bébà ká, ó wo igun tí omi máa ń jókòó sí, ó wo ìyá rẹ̀, ó wo Abdulafeez.

"Ta ló kó òkun mi?"

Ìyá rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ọmọ ń sunkún. Abdulafeez lóṣòó, ó ṣàlàyé fún un bí ilẹ̀ ṣe máa ń dagẹ̀rẹ̀ àti ìdí tí omi ò fi gbọdọ̀ dúró. Àbẹ̀bí gbọ́ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù, ó sì ní kó dá a padà. Ọmọ Ìwó lọ ra abọ́ rọ́bà fífẹ̀ kan ní ṣọ́ọ̀bù tó wà lójú ọ̀nà, ó pọn omi kún un, ó gbé e síwájú rẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́, ó sì dúró títí ọkọ̀ bébà fi gbéra. Lẹ́yìn náà ló kó ẹrù rẹ̀, ó jáde lọ wọkọ̀ Ajah.